Ọ̀gá Alálàá àti Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Ìṣẹ́jú Méjì

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Alálàá o! Ṣùgbọ́n ẹ dìde kí ẹ tó kí i, nítorí ẹni tó bá jókòó kí i, kò ní í dáhùn. Òun ni A-dijú-rí-ohun-tí-igba-ojú-ò-rí. Òun ni Oorun-niṣẹ́-mi-ẹ-má-jìí-mi. Òun ni Bí-mo-bá-hanrun-kí-ẹ-kọ-ọ́-sílẹ̀. Èmi kọ́ ni mo fún un lórúkọ wọ̀nyí o. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ wọ́n sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ilẹ̀kùn ò gbà á tán, ìparí rẹ̀ wà lára ògiri.

Olùdarí fíìmù ni ọ̀gá wa. Èmi ni agbohùnsílẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo máa ń gbé máìkì sókè lórí igi gígùn bí ẹni tó fẹ́ já màngòrò onímàngòrò. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá ń fi etí jẹun, ohun tó ti gbọ́ láyé pọ̀ ju ohun tó ń sọ lọ.

Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa gbọ́dọ̀ tò yí ibùsùn Ọ̀gá ká. Bẹ́ẹ̀ ni, ibùsùn. Ó ní kí wọ́n gbé fóòmù kan wá sáàárín yàrá iṣẹ́, láàárín iná àti kámẹ́rà, kí àlá má baà ṣì í wá, kó lọ yà sílé ẹlòmíràn. Aṣọ ìsùn ló máa ń wọ̀ tọ̀sán tòru, ó ní aṣọ iṣẹ́ òun nìyẹn, á wá wọ kóòtù funfun gígùn kan lé e lórí. Á jókòó, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á dijú.

"Ẹ dákẹ́," á wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibẹ̀."

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ béèrè pé, "Ibo ni, Ọ̀gá?" A ti pín in láàárín ara wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tèmi.

"Ibi tí ẹsẹ̀ yín ò lè tẹ̀," á dáhùn, á sì máa ro àlá.

Àlá wọ̀nyí la fi ń ṣe fíìmù tuntun náà, Ilẹ̀kùn Tí Kò Nílé. Ọmọbìnrin kan fẹ́ di ìràwọ̀ òṣèré. Ó gbé ilẹ̀kùn kan rù, ó ń wá ilé tí yóò fi í sí. Ó dé ìdí àtẹ̀gùn kan tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gun òun, àtẹ̀gùn náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá ènìyàn. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé kan jókòó sídìí tábìlì, ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀: ó gba bàtà, ó gba ẹ̀rín, ó gba ohùn, ó gba ojú. Nígbà tó dé òkè, wọ́n ní, "Káàbọ̀, o ti di ìràwọ̀." Ó fẹ́ dáhùn, kò lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, orí mi wú. Àlá náà dára. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé mo mọ̀ pé Ọ̀gá kọ́ ló lá a.

Mo mọ̀, nítorí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí n gba oorun òun sílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí gbọ́dọ̀ gbọ́ bí àlá ṣe ń wọlé sínú ènìyàn ńlá. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé máìkì síwájú imú rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ amúnáwá tí epo rẹ̀ fẹ́ tán kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Àlá wo ló máa gbọ́ ariwo yẹn tí kò ní í padà sílé? Ìhanrun náà la padà fi ṣe ààrá nínú fíìmù, ó sì bọ́ sí i dáadáa. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, bó ṣe jí, mo bi í pé, "Ọ̀gá, kí lẹ rí?"

"Dúdú," ó wí kí ojú rẹ̀ tó là tán.

"Dúdú báwo, Ọ̀gá?"

"Dúdú náà ni." Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ là. Ó wò mí pẹ́ títí, ó ní kí n má gba oorun òun sílẹ̀ mọ́.

Ta ló wá ń lálàá? Ẹ bá mi ká lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní yàrá tí aṣọ kún dé àjà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń rán aṣọ fún àwọn òṣèré wa. Aránṣọ la máa ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í pariwo, ó sì máa ń lálàá bí ẹni tí wọ́n ń fi sinimá hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárọ̀, bó bá ti ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, á máa sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni tó bá wá gba aṣọ. A ó rẹ́rìn-ín, a ó gba aṣọ wa, a ó lọ.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń retí kóòtù rẹ̀ tí wọ́n ń lọ̀. Ó gbọ́ àlá àtẹ̀gùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jókòó sórí fóòmù, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ dákẹ́. Mo rí àtẹ̀gùn kan." Àlùmọ́gàjí já bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ.

Aránṣọ tọ Ọ̀gá lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá yára ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ mọ irú ẹni tí à ń sọ: níwájú ènìyàn, "ìwọ Aránṣọ" ló máa ń pè é, bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé báyìí, ó di "ẹ̀yin màmá mi." Aránṣọ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ tán. Ó ní kí Aránṣọ jọ̀ọ́, kó máa fún òun ní àlá, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, orúkọ rẹ̀ á jáde gàdàgbà lójú síkíríìnì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lá a.

"Orúkọ mi, Ọ̀gá? Níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i?"

"Tèmi gan-an á dúró lẹ́yìn tiyín, màmá mi."

Aránṣọ gbà. Kì í ṣe pé ó gọ̀. Ó ní ìdí tó fi gbà, ìyá rẹ̀ sì ni ìdí náà.

Ìyá àgbà yìí ò kàwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè kà láyé yìí, orúkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Aránṣọ wà ní kékeré, wọ́n máa ń jí aṣọ rẹ̀ nílé ìwé. Ìyá rẹ̀ lọ bá tíṣà, ó ní kó bá òun kọ orúkọ ọmọ náà sórí ìwé. Ó gbé ìwé náà sórí itan, ó fi òwú pupa wo lẹ́tà wọ̀nyẹn kọ sí ọrùn aṣọ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni ọmọ ti kọ́ ìránṣọ. Títí dòní, aṣọ tí Aránṣọ bá rán, yálà ti ọba inú fíìmù ni tàbí ti alágbe, á fi òwú pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ọrùn rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Màmá, bí a ṣe ń pe ìyá àgbà náà, máa ń wí pé, "Ibi kọ́lọ́fín lo máa ń kọ ọ́ sí. Ìgbà wo ni n ó kà á níbi tí gbogbo ayé á ti bá mi kà á?" Ojú Màmá sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá rí i lọ́dún yìí, ó lè má rí i mọ́.

Nítorí náà, láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a tó tò yí fóòmù ká, Ọ̀gá á ti yọ́ wọ yàrá aṣọ lọ gba àlá ọjọ́ náà. Nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí mo fẹ́ gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé ìdáná yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì, ti yàrá tí aṣọ kún yàtọ̀ sí ti yàrá òfìfo. Bí a bá ti ya fíìmù níbì kan, mo gbọ́dọ̀ gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀, ká lè rí nǹkan fi sábẹ́ àwòrán níbi tí ọ̀rọ̀ bá tán. Lọ́jọ́ náà, yàrá aṣọ ló kàn. Mo gbé ẹ̀rọ mi sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo tàn án, mo fi Aránṣọ sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí ó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ, píìnì kún ẹnu rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Mo ta aṣọ pupa sẹ́nu ilẹ̀kùn. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí aṣọ pupa, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọlé, kódà kí ilé máa jó.

Mo dúró lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ta ni mo rí? Ọ̀gá Alálàá! Ó wo aṣọ pupa náà, ó fi ìka méjì gbé e sápá kan bí ẹni gbé kọ́tìnì ilé bàbá rẹ̀, ó wọlé. Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ta ló ń pariwo nígbà tó ń gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀? Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ológbò tó ti ibi wàrà bọ̀.

"Ọ̀gá," mo wí, "mo ń gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ o. Ṣé kí n tún un gbà?"

Ó dúró ṣan-ṣan. Bó bá ní kí n tún un gbà, á jẹ́ pé ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, mo lè bi í pé kí ló ń bá Aránṣọ sọ.

"Tún kí ni gbà?" ó wí. "Mi ò wọ ibì kankan."

"Ọ̀gá, mo fojú mi rí—"

"Ojú ẹ ń tàn ẹ́. Ìwọ lálàá, ó kàn jẹ́ pé o ò mọ̀ ọ́n lá ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dára. Kò sí irú ẹ̀. Àárín rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ lò, àárín nǹkan ló máa ń dùn." Ó sì lọ.

Mo wọlé lọ bá Aránṣọ. Ó ń fi etí aṣọ nu omi ojú, ẹ̀rín ló ń rín.

"Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ rẹ lórí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn títí apá fi ń ro mí," ó wí. "Píìnì ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Ṣé o mọ ohun tó wí? Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, màmá mi, láti òkè ló ti ń wá.'"

Nígbà tí mo délé, mo gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó gbọ́ tiyín láìpẹ́.

Bó ṣe rí, ìparí fíìmù náà ni Ọ̀gá wá fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá aṣọ sí. Ó ní lẹ́yìn àwòrán ìkẹyìn, kí ojú síkíríìnì ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú méjì, kí ènìyàn má rí nǹkankan, kó máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan, kí oníkálukú fi ojú inú wo àlá tirẹ̀. Àǹtí tó ń bá wa gé fíìmù ti gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, mo wo ilẹ̀.

Mo sọ fún Ọ̀gá, ẹ jẹ́rìí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún un. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná." Ó ní òun ti gbọ́ ọ. Nígbà kejì, mo ní, "Ọ̀gá, ohùn ènìyàn wà níbẹ̀." Ó ní ohùn àlá ni, ẹni tí kò bá ní àlá nínú nìkan ló máa ń gbọ́ ọ bí ohùn ènìyàn. Nígbà kẹta, Àǹtí gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ lé e létí fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kí ohùn kankan tó jáde níbẹ̀, Ọ̀gá ti sùn lọ, ààrá wa àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jí, ó fọwọ́ sí ìwé: Mo ti rí i, mo ti gbọ́ ọ, ó ti pé. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí Ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó lé oníná wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ó sún àga kan.

"Àfi ká tẹ̀ lé òfin," Àǹtí wí, ó sì ń fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ họ orí.

Àǹtí yìí náà ló fi orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò jáde ní ìparí hàn mí. Ẹni tó darí rẹ̀: Ọ̀gá. Ẹni tó kọ ọ́: Ọ̀gá. Ẹni tó lá a: Ọ̀gá. Ẹni tó tún un lá: Ọ̀gá. Ìgbà mọ́kànlá ni mo ka orúkọ rẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀, wọ́n ṣì í kọ. Orúkọ Aránṣọ ò sí. Inú bí mi débi pé omi tí mo ń mu korò lẹ́nu mi. Ìgbà yẹn ni mo wá jáwọ́ pátápátá nínú ìkìlọ̀ lórí ohùn inú yàrá aṣọ. Mo ní kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ ìwòran pé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Gbọ̀ngàn kún, àwọn tó pẹ́ dúró ti ògiri. Alága ìgbìmọ̀ tó máa ń fún fíìmù ní ife ẹ̀yẹ wà ní ìjókòó iwájú, ife náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ń tàn yanran. Ọ̀gá ti ń fi ojú rẹ̀ wo ara rẹ̀ lára ife náà láti aago mẹ́ta. Kóòtù funfun rẹ̀ wà lọ́rùn, tuntun ni, Aránṣọ ló rán an, ó gùn dé ilẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹ̀rọ mi síwájú, kí n gba àtẹ́wọ́ àwọn ènìyàn sílẹ̀ títí yóò fi dópin.

Aránṣọ wà ní ìlà kẹta pẹ̀lú Màmá. Màmá ti nu awò ojú rẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ó ń bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, òkè ni orúkọ ti máa ń wá ni, àbí ìsàlẹ̀?"

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní parọ́, ó dùn. Àwọn ènìyàn wo ọmọbìnrin tó gbé ilẹ̀kùn rù, wọ́n wo àtẹ̀gùn tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan ń sunkún lẹ́yìn mi. Alága náà wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orí rẹ̀ wá tẹ̀ sẹ́yìn, ó sùn. Nígbà tí àwòrán ìkẹyìn kọjá, gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ọ̀gá dìde nínú òkùnkùn, ó ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ènìyàn. Ẹ gbọ́ àlá."

Wọ́n dákẹ́. Ohùn kan jáde láti inú àwọn gbohùngbohùn mẹ́jọ tó wà lára ògiri.

"Ẹ̀yin màmá mi, ẹ ṣàánú mi. Kí lẹ lá lánàá?"

"M̀m̀! M̀m̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá mi, láti òkè ló ti ń wá. Ẹ yọ píìnì lẹ́nu, kí ẹ sọ ọ́."

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ wà lórí—"

"Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Mi ò lálàá rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Bí mo bá dijú, dúdú ni mò ń rí. Bí mo bá lajú, ebi ni."

Ẹ̀rín sọ nínú òkùnkùn. Ariwo náà jí Alága. "Ìjìnlẹ̀ ni!" ó kígbe. "Ìjìnlẹ̀ ni! Ẹ gbọ́ bí ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀!" Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Ohùn Aránṣọ wá jáde, wọ́n tún dákẹ́.

"Mo rí yàrá kan tó kún fún aṣọ. Kò sẹ́ni tó wọ̀ wọ́n, síbẹ̀ wọ́n dúró, wọ́n ń kí mi. Mo ń wá èyí tí mo rán fún ara mi. Nígbà tí mo rí i, mo yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀."

"Ó dáa! Ó dáa gan-an. Ó tó. Mo ti lá a."

"Ọ̀gá, orúkọ mi ńkọ́? Ìyá mi ń retí rẹ̀ o."

"Á jáde, mo búra. Ṣé alága yẹn ló máa ní kó má jáde ni? Bí iná bá ti kú báyìí, oorun ni tirẹ̀. Bó bá jí, á ní, 'Ìjìnlẹ̀ ni,' gbogbo wọn á sì máa mi orí bí alángbá."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín débi pé àga ń mì. Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo nǹkan: kò tíì bàjẹ́ o! Alága fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó mú èmi náà sí i! Ó gbọ́n!" Wọ́n gbà pé ara fíìmù ni. Ká ní Ọ̀gá jókòó jẹ́jẹ́, kó kàn tẹrí ba, òun ni ì bá gbé ife lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó ti ń pe ara rẹ̀ ní Alálàá láti ọdún gbọọrọ, ṣé á lè jókòó kí ènìyàn máa gbọ́ pé dúdú ló ń rí?

"Ẹ pa á!" ó ké. "Ẹ tan iná! Irọ́ ni! Wọn ò sọ fún mi pé ẹ̀rọ wà nínú yàrá aṣọ!"

Iná tàn. Ẹ̀rín dúró. Obìnrin kan ní ẹ̀yìn sọ ohun tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

"Háà. Á jẹ́ pé òun ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́ nìyẹn."

Alága tún awò ojú rẹ̀ tò. Ẹ̀rín ti kúrò lójú tirẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ alángbá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lára ni. "Ọ̀rọ̀ ò pọ̀," ó wí. "Ìwọ tí o máa ń lálàá lójoojúmọ́, kí lo lá lánàá?"

Ọ̀gá na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó dijú. "Ẹ dákẹ́," ó wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibẹ̀."

"Ibo?" gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í sàn sí imú rẹ̀. Ó la ojú kan, ó fi ń wá ènìyàn láàárín èrò, títí ó fi dé ìlà kẹta. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin màmá mi," ó wí wúyẹ́wúyẹ́, "kí ni mo lá lánàá?"

Aránṣọ dìde. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá," ó wí, "lánàá, oorun gidi ni mo sùn. Ẹ lọ sun tiyín."

Mi ò lè ròyìn ariwo tó sọ. Àwọn kan ń gun orí àga. Ẹni tó ń fi fíìmù hàn lókè ò sì dá ẹ̀rọ dúró, bí ìṣẹ́jú méjì ṣe pé ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí ọ̀kan bá ti yọ, gbọ̀ngàn á kà á, àwọn òṣìṣẹ́ wa á dáhùn, gbogbo wọn á sì gbè é.

"Ẹni tó kọ ọ́?"

"Aránṣọ ni!"

"Ẹni tó lá a?"

"Aránṣọ ni!"

"Ẹni tó tún un lá?"

"Irọ́ ni!"

Láàárín gbogbo ariwo yẹn, Màmá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di àga iwájú mú, ó ń wo òkè, ó ń wo ìsàlẹ̀. "Kò tíì dé?" ó ń bi ọmọ rẹ̀. "Kò tíì dé, Màmá," Aránṣọ ń dá a lóhùn. Ìlà ìkẹyìn yọ: Àwọn Òṣìṣẹ́ Yòókù, A Dúpẹ́. Síkíríìnì funfun báláú.

"Ó ti tán?" Màmá béèrè. Mo kojú sí ẹ̀rọ mi, mi ò lè wò wọ́n.

Ọ̀gá rí i pé ojú ènìyàn kúrò lára òun, ó ní kí òun yọ́ gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Ibi tó ti ń sáré kọjá ní ìlà kẹta ni etí kóòtù gígùn yẹn ti há sábẹ́ àga. Ó fà á, kò bọ́. Ó tún fà á. Ohun tí Aránṣọ bá rán kì í ya bọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé àwọn ènìyàn ti ń yíjú padà, ó fa apá yọ, ó fi kóòtù sílẹ̀, ó já síta nínú aṣọ ìsùn, nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, tòun ti sálúbàtà. Wọ́n ní àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá lọ kí i pé ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa.

Màmá ló bẹ̀rẹ̀ mú kóòtù náà nílẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń wo aṣọ nílẹ̀ kó fi sílẹ̀. Ó gbọn eruku rẹ̀. Bó ti máa ń ṣe láti ogójì ọdún sẹ́yìn, ó yí ọrùn rẹ̀ síta, kó lè mọ ẹni tó ni ín. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè. Ó fi ìka tọ òwú pupa náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Àwọn tó wà nítòsí kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà lẹ́yìn. Màmá gbé kóòtù náà sókè sójú gbogbo ènìyàn, ó sì ka orúkọ ọmọ rẹ̀ jáde, gbangba, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ mi ṣì wà ní títàn. Mo gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sílẹ̀, mo sì gba orúkọ náà.